Ọ̀wẹ̀ Àna Nínú Koríko Àparò

Ó ti di ọdún kẹta tí Sàláhúdéènì ti ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣàlàyé ní mọ́sáláṣí, ó ṣàlàyé ní gáréèjì bọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó ṣàlàyé fún ọkùnrin tó kọ́ ilé alájà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀ ní Brandywine, tó ń kọ lẹ́tà sí i lóṣooṣù nípa èpò. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbà á gbọ́ ni Míìsì Dọ́sì, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyẹn náà sì rèé, owó oṣù ni wọ́n ń san fún un láti gbà á gbọ́.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Sàláhúdéènì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ló ń gbé pẹ̀lú Abibat ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àgbẹ̀ tábà ni bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tó wá di ọdún 1995, tí ọmọ àgbẹ̀ tábà kan tó ti kú ń ta éékà mọ́kànlá ní apá ìsàlẹ̀ Prince George's County, níbi tí igbó ṣì kù sí, Sàláhúdéènì kò fi lọ ẹnikẹ́ni kó tó rà á. Ó wọ inú abà àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ó gbọ́ òórùn tábà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ohun tó ní lọ́kàn kò ju àgbò lọ. Yóò máa sin àgbò, àwọn Mùsùlùmí Hyattsville, Glenarden àti Riverdale yóò máa wá rà á nígbà Iléyá. Éékà márùn-ún tó fún àwọn àgbò náà. Mẹ́fà tó kù wà lásán. Ìgbà tó ń wá ẹni tí yóò bá a yẹ ilẹ̀ náà wò ni ìjọba rán Míìsì Dọ́sì sí i, obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan tí bàtà rọ́bà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà yí éékà mẹ́fà yẹn po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mísítà Sàlá, ṣé ẹ mọ̀ pé àparò ló ni ibí yìí tẹ́lẹ̀?"

Ó ní nígbà kan, kò sí oko tí èèyàn kì í ti í gbọ́ ohùn àparò ní agbègbè náà. Ní báyìí, oko ti di ilé, etí oko tó máa ń rí jákujàku ti mọ́ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, àparò kò sì rí ibi sá sí. Ìjọba nìkan kò lè tún un ṣe, nítorí ọwọ́ àwọn onílẹ̀ bíi tirẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Bí Sàláhúdéènì bá gbà, wọn yóò fún un ní irúgbìn koríko ìbílẹ̀, èyí tó máa ń hù ní ìdì ìdì, tí àárín rẹ̀ ṣófo, tí ọmọ àparò tí kò ju àtàǹpàkò lọ lè máa gba ibẹ̀ rìn. Yóò fi igi ẹlẹ́gùn-ún sílẹ̀ létí oko. Yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé fún ọdún mẹ́wàá, láti àárín oṣù kẹrin títí di àárín oṣù kẹjọ, òun kò ní gé koríko náà rárá, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń yé, tí wọ́n sì ń sàba.

Ọdún mẹ́wàá! Sàláhúdéènì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé Amẹ́ríkà, obìnrin yẹn ni òṣìṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ tó bi òun ní ohun tí òun rò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé éékà mẹ́fà tí kò sẹ́ni tí yóò ro ó máa ń wu ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan ní mọ́sáláṣí. Ẹ sọ fún ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko pé ẹnì kan ń tọ́jú àparò, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín. Àparò tó ń hú àgbàdo! Àparò tí wọ́n ń torí rẹ̀ rán ọmọ sóko kó lọ fi kànnàkànnà ṣọ́ ọ!

"Sàlá," Àlàájì Zakariyya, tó jẹ́ àgbà nínú wọn, ló wí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọ́n kírun tán, "bàbá rẹ ń yìnbọn fún àparò, ìwọ ń kọ́lé fún un. Ṣé o fẹ́ kí bàbá dìde nílẹ̀ ni?"

"Àlàájì, àparò ibí kì í hú àgbàdo. Kòkòrò àti èso èpò ló ń jẹ."

"Ó sọ fún ẹ?"

"Míìsì Dọ́sì ló sọ."

"Ó ti yé mi. Àparò sọ fún Míìsì Dọ́sì, Míìsì Dọ́sì sọ fún ẹ."

Ẹ̀rín bú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Aláparò. Èyí tó tún wá burú jù ni pé fún ọdún méjì gbáko, àparò kankan kò yọjú. Koríko nìkan ló rí. Ní ọdún àkọ́kọ́, èpò bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún kejì, ó dé orúnkún. Ní ọdún kẹta, ó dé àyà, ó sì pọ́n bí irùngbọ̀n arúgbó tó fi làálì pa á. Abibat kò tẹ̀lé e lọ sóko mọ́. Ó ní òun kò lè máa mú àlejò gba ẹ̀gbẹ́ igbó kọjá lọ wo àgbò, kí wọ́n má baà rò pé ara ọkọ òun kò yá.

"Ìyá Jamilah, mo gbìn ín ni."

"Ìyẹn gan-an ló burú. Bó bá jẹ́ pé ó hù fúnra rẹ̀ ni, à bá ní o ò ráyè."

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, àparò dé. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ láti orí òpó ọgbà àgbò, ó ń súfèé lẹ́ẹ̀mejì mejì, èkejì ga ju èkíní lọ. Sàláhúdéènì kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlàyé ti sú u. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ó ń wá àgbò kan tó já okùn, ni ẹyẹ bá fò fìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ya koríko, ó rí ìtẹ́. Ẹyin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n funfun báláú, wọ́n sún mọ́ra bí àwọn tó ń sá fún òtútù. Àgbà ọkùnrin kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló fẹ́ rín tàbí ẹkún ló fẹ́ sun.

Míìsì Dọ́sì kígbe lórí fóònù nígbà tó sọ fún un. Nínú gbogbo oko tó ti forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè yẹn, ìtẹ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ó ní òun yóò wá ní ọjọ́ Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù náà, òun yóò mú kámẹ́rà dání, àgbẹ̀ méjì tí wọ́n ṣì ń ṣiyèméjì nípa ètò náà yóò sì bá òun wá. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n pa. Ó ní kí Sàláhúdéènì má débẹ̀ mọ́, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń tẹ̀lé ipasẹ̀ èèyàn. Kó kàn sàmì sí i láti òkèèrè. Sàláhúdéènì kò rí nǹkan mìíràn lò. Ó ya gèlè Abibat kan tó ti gbó, tó pupa, ó so ó mọ́ igi, ó rì í mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ìtẹ́ náà. Kò sọ fún Abibat. Nínú gbogbo ohun tó ti fi ọdún mẹ́ta ṣàlàyé, ẹyin wọ̀nyẹn nìkan ni kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nílé tàbí ní mọ́sáláṣí.

Ní àkókò yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ wá fẹ́ Jamilah ọmọ wọn. Tàjùdéèn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Riverdale. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kírun, kì í pariwo. Jamilah fúnra rẹ̀ ti gbà fún un kó tó lọ ṣe iṣẹ́ ìgbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ní Baltimore. Sàláhúdéènì ni kò tíì sọ nǹkan kan. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá bi í, ó ń dáhùn pé, "A ó máa wò ó." Ni Tàjùdéèn bá lọ bá Abibat, ó ní kí ni òun lè ṣe tí inú Bàbá yóò fi dùn sí òun.

Abibat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó ti fi wákàtí méjìlá dúró lórí ẹsẹ̀. Ó ní, "Igbó yẹn. Bó o bá lè bá mi ṣán igbó yẹn, mo ti bá ẹ gba ìdáhùn lẹ́nu ẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ yóò bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀wẹ̀, wọn yóò ya bo oko àna, wọn yóò ro ó láàárín ọjọ́ kan. Àna yóò fún wọn lóúnjẹ, yóò sì ṣàdúrà fún wọn. Bàbá Tàjùdéèn ṣe é fún àna tirẹ̀, bàbá Sàláhúdéènì náà ṣe é. Tàjùdéèn kò di ọkọ́ mú rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìtàn náà, inú rẹ̀ sì dùn pé òun yóò lè ṣe ohun àwọn bàbá òun ní Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, Sàláhúdéènì wa bọ́ọ̀sì títí di agogo méjì ọ̀sán, ó sì mú ọ̀nà oko pọ̀n. Láti òkèèrè ló ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tò sẹ́bàá títì, ó ka mẹ́rìnlá. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló kú. Ó wá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, òórùn tí gbogbo ayé fẹ́ràn.

Éékà mẹ́fà ti tẹ́jú. Katakata kan tí wọ́n háyà wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin bí ogún sì ń ti ẹ̀rọ kéékèèké kiri, àwọn tó mọ́ṣẹ́ àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gé igi ẹlẹ́gùn-ún etí oko náà, wọ́n kó o jọ bí òkìtì ilé tó wó.

Tàjùdéèn sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko gígé.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà! Ẹ kú wàhálà ọ̀nà sà! Ẹ má bínú pé a ò sọ fún yín, Mọ́mì ló ní ká dákẹ́."

Sàláhúdéènì la ẹnu. "Ta ló..." Ó pa á dé. Kò sí àna tó ń bi ọlọ́wẹ̀ ní "Ta ló rán ẹ?" Láti Ìsẹ́yìn títí dé Brandywine, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin náà kọjá, ó lọ síbi tó ri igi rẹ̀ mọ́. Igi kò sí níbẹ̀. Gèlè pupa kò sí níbẹ̀.

Àlàájì Zakariyya wà lábẹ́ abà, ó ń jẹ ìrẹsì.

"Àlàájì, igi kan wà lọ́hùn-ún yẹn. Aṣọ pupa wà lórí ẹ̀."

Ojú Àlàájì yí padà. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó fa Sàláhúdéènì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo rí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyí náà rí i, wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n ní àwọn ò ní gé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á tu, mo ka Áyátúlì Kúrísíyù sí i, mo jù ú sínú igbó. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Mo ti bò ẹ́ láṣìírí. Ṣùgbọ́n Sàlá, ìwọ, Mùsùlùmí òdodo, o fi ààlè sóko?"

"Ààlè kọ́ o, Àlàájì! Àmì ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà débẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ wo ni ààlè tún ń ṣe ju ìyẹn lọ?"

Sàláhúdéènì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwo ìrẹsì rẹ̀.

Ó padà síbi ìtẹ́ náà nìkan, ó fọwọ́ tú koríko. Ẹ̀rọ ti gba orí rẹ̀ kọjá. Èèpo ẹyin ló rí, àti ohun tó ti wà nínú wọn, torí ó ti ku ọjọ́ díẹ̀ péré, ìyẹ́ ti ń yọ. Méjì kò fọ́, wọ́n tutù. Ìyá wọn kò sí nítòsí. Ó kó koríko bò wọ́n, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Bó ṣe dìde ni aládùúgbò rẹ̀ tó ń kọ lẹ́tà sí i jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó na àtàǹpàkò sókè sí i, ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn ti ń bá a jà, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i.

"Bàbá Jamilah!" Abibat ń bọ̀ láti ìdí ọkọ̀, kúlà ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ wo ojú oko yín! Ẹ wá ṣàdúrà fún àwọn ọmọ yín, wọ́n fẹ́ máa lọ."

Ó ti tó ọdún kan tí obìnrin náà ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pè é kẹ́yìn. Gbogbo wọn sì péjọ, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ àwọn kan ti bó. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Inú bí Sàláhúdéènì débi pé etí rẹ̀ ń hó, kò sì sí ẹni kan níbẹ̀ tó tọ́ kó bínú sí. Ó ṣàdúrà. Ó ní wọn ò ní rí ìbànújẹ́, wọn ó fi ọwọ́ wọn kọ́lé, wọn ó fi gbé ọmọ jó. Wọ́n ní àmín, àmín.

Ó dé ilé kó tó sọ ọ́ fún Abibat. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ láìtíì bọ́ bàtà.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ ọ́."

"Àparò lò ń sọ," Abibat wí. "O ò sọ ẹyin."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Míìsì Dọ́sì nìkan ló wá. Sàláhúdéènì ti pè é kó má mú àwọn àgbẹ̀ yẹn wá. Ó dúró nínú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó wo éékà mẹ́fà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé kámẹ́rà sókè. Ó yọ fọ́ọ̀mù jáde.

"Ta ló gé e?"

"Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ṣe. Àṣà wa ni."

"Ẹ fún wọn láyè?"

"Rárá o. N kò mọ̀."

Ojú obìnrin náà mọ́lẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọlé láìgbàṣẹ nìyẹn. Ẹ lọ fi ẹjọ́ wọn sùn ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá, ẹ kọ orúkọ wọn, ẹ mú ìwé náà wá fún mi. Àdéhùn yín kò ní bàjẹ́. A ó tún ilẹ̀ náà ṣe."

"Wọn kì í ṣe olè. Àna mi ni."

"Ẹ fún un láyè nígbà náà?"

"Mo ní rárá."

"Mísítà Sàlá, àpótí méjì ló wà fún sísàmì lórí fọ́ọ̀mù yìí: onílẹ̀ fọwọ́ sí i, tàbí wọ́n já wọlé. Mi ò ní ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ onílẹ̀, wọn ó yọ yín kúrò nínú ètò náà, mi ò sì ní agbára kankan sí i." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní orúkọ kan. Ẹyọ kan péré."

Orúkọ náà wà lẹ́nu Sàláhúdéènì. Ìwé ìgbélùú Tàjùdéèn ṣì wà níwájú ìjọba, wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ìwé ọlọ́pàá kan ṣoṣo lè dá a padà sí Ìbàdàn. Sàláhúdéènì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ọ̀wẹ̀ àna jẹ́, ó dé ìdajì, ó gbọ́ bí ó ṣe ń dún létí obìnrin náà. Ó gba báírò. Ó fàmì sí àpótí onílẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Míìsì Dọ́sì ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ìtẹ́ yẹn," ló wí. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí Tàjùdéèn dé. Abibat ti pè é, ó ti rò fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi ẹnu ọ̀nà abà, kò gbé orí sókè.

"Mi ò mọ̀ sà. Ẹ forí jì mí. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé ẹyẹ wà níbẹ̀, mi ò bá tí débẹ̀."

Sàláhúdéènì jókòó sórí ìtì igi kan. Ó tún ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀: koríko tó ń hù ní ìdì ìdì, àárín rẹ̀ tó ṣófo, ẹ̀gún etí oko, ọmọ ẹyẹ tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọmọkùnrin náà ń mi orí sí i. Ó jọ pé ó ń yé e.

"Ó máa tún hù sà?"

"Ìdí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó lè tó ọdún kan kó tó nípọn. Ẹ̀gún etí oko á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá àparò mìíràn á wá, bóyá kò ní wá."

"Ìjọba á ràn yín lọ́wọ́ ṣá."

"Kò sí ìjọba mọ́ níbẹ̀. Ẹ ti ṣán ìjọba mọ́ ọn."

Tàjùdéèn wo gbalasa náà, ó wo àna rẹ̀. "Ó túmọ̀ sí pé kò sí àdéhùn lọ́rùn yín mọ́ sà. Bí ilẹ̀ yìí ṣe tẹ́jú yìí, àwọn ará mọ́sáláṣí ń wá ibi tí àwọn ọmọ á ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lè wá máa gé e fún yín lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

Sàláhúdéènì wò ó, ó wò ó, ó wá a lójú bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ọkàn rere ni.

"Dìde," ló wí. "Koríko ti lẹ̀ mọ́ ẹ láṣọ."

Ọmọkùnrin náà dìde, ó gbọn ara. Ó dúró bí ẹni tí ó ku ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn bàbá mi ní kí n bi yín sà. Lórí ọ̀rọ̀ Jamilah. Ṣé kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú?"

"Kí wọ́n wá," Sàláhúdéènì dáhùn. "Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ràn mí lọ́wọ́."